Orin Gbígbọ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Sùn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ifẹ̀ máa ń bi wá léraléra, yálà wọ́n ń gbé nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tàbí wọ́n gba yàrá síta ní Asherifa, Damico, Lágere tàbí Modákẹ́kẹ́. A to ìdáhùn wọn síbí kí ẹni tó bá tún fẹ́ béèrè lè kọ́kọ́ kà á.

Ṣé òótọ́ ni pé orin lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ sùn dáadáa?

Òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo orin, kì í sì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ìwádìí tí a máa ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ọdún 2008 láti ìlú Budapest ní orílẹ̀-èdè Họ́ngárì. Akẹ́kọ̀ọ́ 94, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 19 sí 28, tí gbogbo wọn sì ń ráhùn pé àwọn kì í rí oorun sùn dáadáa, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń gbọ́ orin kílásíkà tó rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45 ní alaalẹ́ kí wọ́n tó sùn. Àwọn kan ń gbọ́ ìwé tí ẹnìkan kà sínú ẹ̀rọ fún ìwọ̀n àkókò kan náà. Wọn kò sì fún àwọn tó kù ní ohunkóhun láti gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oorun àwọn tó gbọ́ orin ti sunwọ̀n sí i ní kedere, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń bá wọn fínra náà sì dín kù. Àwọn tó gbọ́ ìwé kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2022, àgbéyẹ̀wò Cochrane, ìyẹn àjọ tó ń ṣe àkójọ ìwádìí ìlera, kó ìwádìí 13 pọ̀, tí àpapọ̀ àwọn tó kópa nínú wọn jẹ́ 1,007. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àgbàlagbà tí àìróorunsùn ń dà láàmú bá ń gbọ́ orin, òun fúnra rẹ̀ á sọ pé oorun òun ti dára sí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà, “á sọ”, sọ́kàn, nítorí ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yóò padà bá a.

Kí ni orin ń ṣe sí ara tí oorun fi ń wá?

Orin tó rọlẹ̀ máa ń mú kí èémí falẹ̀, kí ọkàn má sáré lù mọ́, kí iṣan ara sì dẹ̀. Ó tún ń fún èrò ní ibì kan tí yóò fara tì. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn lẹ́yìn ọjọ́ ìdánwò máa ń ṣírò máàkì tí kò tíì jáde, owó ilé tí kò tíì san, àti ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ sọ sí i lójú gbogbo kíláàsì. Bí orin kékeré kan bá ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èrò a rí ohun mìíràn dì mú, a sì jọ̀wọ́ àwọn yẹn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni àṣà. Bí orin kan náà bá ń dún ní àkókò kan náà ní alaalẹ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí àmì pé oorun ti dé. Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn ìyá wa ní èyí. Ìyá tó pọn ọmọ tó ń sunkún, tó ń fi ọwọ́ gbá a nídìí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó sì ń kọ orin arẹmọ́lẹ́kún kan ṣoṣo títí ọmọ fi sùn lọ, ti mọ̀ pé orin tuntun kọ́ ni ọmọ ń fẹ́, èyí tó ti mọ̀ ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá oorun mi dára?

Wákàtí nìkan kọ́ ni a fi ń wọn oorun. Ìwọ̀n tí àwọn olùwádìí ń lò jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989. Ìbéèrè 19 ló ní, ó sì ń wo oṣù kan tó kọjá: báwo lẹ ṣe rí oorun yín sí, báwo ló ṣe pẹ́ tó kó tó gbé yín lọ, wákàtí mélòó lẹ sùn ní tòótọ́, mélòó nínú àkókò tí ẹ fi wà lórí ibùsùn lẹ fi sùn, kí ló ń jí yín, ṣé ẹ ń lo oògùn oorun, ṣé ojú yín sì ń dá ní ọ̀sán. Ọ̀nà méje yìí ni wọ́n ń fún ní máàkì òdo sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 21.

Kò dà bí máàkì ìdánwò o: bó bá ṣe pọ̀ tó ni oorun ṣe burú tó. Ẹni tó bá ju 5 lọ ni a kà sí ẹni tí oorun rẹ̀ kò dára. Nínú àgbéyẹ̀wò ọdún 2022 tí a mẹ́nu bà, orin dín máàkì yìí kù pẹ̀lú nǹkan bíi 2.8, èyí tó lè gbé ẹni tó wà ní 8 dé ẹnu ààlà. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Wákàtí mélòó ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ sùn?

Wákàtí 7 sí 9 ni fún ẹni ọdún 18 sí 25. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tí kò tíì pé ọdún 18 nílò wákàtí 8 sí 10. Orin kò lè sọ wákàtí mẹ́rin di mẹ́jọ.

Irú orin wo ló dára jù?

Èyí tí ìlù rẹ̀ kò yára, tí ohùn rẹ̀ kò ga sókè lójijì, tí kò sì ní ibi tí yóò ti bú sórin lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́. Ìlù tó wà láàárín 60 sí 80 ní ìṣẹ́jú kan ni a sábà máa ń dámọ̀ràn, nítorí pé ó súnmọ́ bí ọkàn ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ṣe ń lù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí orin yín jẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ tẹ̀lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sì sọ iye tí ẹ bá kà di ìlọ́po mẹ́rin. Orin fújì àti amapiano yóò kọjá ààlà yìí kíá, orin gyration àwọn Kegite, ìyẹn ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an wò lórí ibùsùn.

Síbẹ̀, òfin yìí kò le bí irin. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Aarhus ní Dẹ́ńmáàkì yẹ orin tó lé ní 225,000 wò, tí àwọn ènìyàn tò sórí Spotify láti fi sùn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2023. Púpọ̀ nínú àwọn orin náà falẹ̀, wọ́n rọlẹ̀, wọn kò sì ní ọ̀rọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n orin ijó tó lókìkí, tó lágbára, tó sì kún fún ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ohun tó ti mọ́ni lára lè rọni lọ́kàn bó tilẹ̀ yára.

Ní tiwa, ìmọ̀ràn tí a máa ń fúnni ni pé kí ẹ yan orin tí ẹ kò kórìíra, tí ẹ kò sì fẹ́ràn jù. Orin tí ẹ fẹ́ràn gan-an ni yóò mú kí ẹ dìde jókòó kí ẹ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó súni díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ṣé kí orin náà ní ọ̀rọ̀ nínú, àbí ohùn èlò orin nìkan?

Ìbéèrè yìí ló le jù fún etí Yorùbá. Ìmọ̀ràn tó ń ti òkè òkun wá ni pé kí ènìyàn yan orin tí kò ní ọ̀rọ̀, kí ọpọlọ má bàa máa tẹ̀lé ohun tí akọrin ń sọ. Ìmọ̀ràn náà dára fún dùùrù, gìtá àti fèrè. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé dùndún kò ní ọ̀rọ̀? Ẹni tó gbọ́ ìlù, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, yóò máa tú oríkì àti òwe tí onílù ń fi awọ sọ, ó fẹ́ ni o, ó kọ̀ ni o. Ibi tó bá sì ti rú u lójú, á máa rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, dùndún lẹ́bàá ìrọ̀rí dà bí àlejò tó wọlé wá sọ̀rọ̀ lóru. Ẹni tí kò gbọ́ ìlù lè fi í sùn láìsí wàhálà kankan.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò retí. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Baylor ní ìpínlẹ̀ Texas gbé iṣẹ́ kan jáde lórí orin tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lórí, tí ènìyàn á máa gbọ́ ọ nínú ọkàn nígbà tí kò dún mọ́. Wọ́n fi orin tó lókìkí dún fún àwọn ènìyàn kí wọ́n tó sùn, àwọn kan gbọ́ ọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀, àwọn mìíràn gbọ́ ohùn èlò rẹ̀ nìkan. Èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ gan-an ló lẹ̀ mọ́ wọn lórí jù, oorun àwọn tó sì lẹ̀ mọ́ kò dára tó ti àwọn yòókù.

Lójú tiwa, kò yani lẹ́nu. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ orin, tí ẹ wá yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, yóò máa fi tirẹ̀ dí àlàfo náà ni, bí ẹni tó gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu gángan. Nítorí náà, ẹ yẹra fún orin ìyìn tí ẹ ti mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tí ẹnìkan wá fi dùùrù tẹ̀ láìkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohùn èlò orin tí ẹ kò mọ̀ rárá, tàbí orin ní èdè tí ẹ kò gbọ́, ni a fẹ́ràn jù.

Ìwàásù àti kíké Kùránì ńkọ́?

Kíké Kùránì kì í ṣe orin lójú àwọn Mùsùlùmí, a kò sì pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń lọ ní ìwọ̀nba, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ fún wa pé ó ń fún àwọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ìwàásù yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ni, ó ń béèrè ìrònú, oníwàásù mìíràn a sì máa pariwo lójijì. Àwọn tó gbọ́ ìwé kíkà ní Budapest kò rí àǹfààní tí àwọn tó gbọ́ orin rí, ìwàásù sì jọ ìwé kíkà ju orin lọ. Ẹ gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tó gun orí ibùsùn.

Ìṣẹ́jú mélòó ni kí orin fi dún, ṣé kí n jẹ́ kó dún mọ́jú?

Nínú àwọn ìwádìí tó wà nínú àgbéyẹ̀wò Cochrane, ìṣẹ́jú 25 sí 60 ni. Ìṣẹ́jú 45 tó. Ẹ má jẹ́ kó dún mọ́jú, nítorí pé oorun kì í jinlẹ̀ bákan náà láti alẹ́ di òwúrọ̀: ó ń yípo ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 níkọ̀ọ̀kan, ó ń wọra, ó sì tún ń fúyẹ́. Orin tó gbé yín lọ ní agogo mọ́kànlá lè ta yín jí ní agogo méjì òru nígbà tí oorun bá fúyẹ́.

Ọ̀pọ̀ fóònù ló ní ibi tí a ti lè sọ fún un pé kó pa orin fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì ti gba orin náà sórí fóònù tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìpolówó ọjà tó bá já wọlé láàárín orin kẹta máa ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, yàtọ̀ sí dátà tó ń jẹ.

Ṣé ó léwu láti ki íápíìsì sétí sùn?

Bí ohùn bá lọ sílẹ̀, tí ẹ sì yọ ọ́ kí oorun tó wọra, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn lè gbọ́ ohùn tó jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìṣe etí léṣe, wọ́n sì gbani nímọ̀ràn kí ohùn fóònù má kọjá ìdá 60 nínú 100. Fún oorun, kó tilẹ̀ kéré sí ìyẹn gan-an. Bí etí yín bá ń hó lówùúrọ̀, ohùn náà ti pọ̀ jù.

Íápíìsì tí a fi ẹ̀gbẹ́ sùn lé lórí máa ń dun etí, ó ń ti ìdọ̀tí etí wọnú, okùn rẹ̀ sì lè lọ́ mọ́ ọrùn. Ẹni tó dí etí méjèèjì kò ní gbọ́ bí wọ́n bá ń kígbe pé iná ń jó. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn jáde lábẹ́ ìrọ̀rí sàn jù bí ẹ bá dá yàrá gbé. Fóònù tó ń gba iná lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ ìrọ̀rí láé, nítorí ó máa ń gbóná.

Àwọn alábàágbé mi ń pariwo, jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìn fèrèsé. Ṣé kí n fi orin bò ó mọ́lẹ̀?

Ẹ lè ṣe é, bó bá jẹ́ pé orin tó rọlẹ̀ tó láti bò ó. Bí ẹ bá ní láti gbé ohùn sókè kó tó borí jẹnẹrétọ̀, ariwo méjì ni etí yín ń gbà. Ohùn tó ń dún bákan náà láìyípadà, bí òjò lórí páànù tàbí fáànù, ń bo ariwo ju orin lọ. Yàrá tí ènìyàn mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ ń sùn sí nílò àdéhùn lórí àkókò ìdákẹ́jẹ́ ṣáájú orin. Orin tó ń gbé ẹni tó wà lórí ibùsùn òkè lọ lè máa jí ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Mo ń gbọ́ orin ní alaalẹ́, síbẹ̀ agogo kan òru ni mo ń sùn. Kí ló fà á?

Ẹ wo ọwọ́ yín. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó béèrè èyí, fóònù tó ń kọ orin náà ni wọ́n fi ń dáhùn WhatsApp. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù ń dá melatonin dúró, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ máa ń tú jáde nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú láti sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́. Ohun tí a sì ń kà lórí rẹ̀ tún ń ru ọkàn sókè. Bí a bá ní ká sọ òtítọ́, nínú ẹni mẹ́wàá tó bá ń bi wá nípa orin, ọ̀rọ̀ fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn gbé wá láìmọ̀. Ẹ tan orin, ẹ dojú fóònù délẹ̀, ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ kò dé.

Mo ń jẹ obì tàbí mu kọfí láti fi kàwé lóru. Ṣé orin lè mú kí n sùn lẹ́yìn rẹ̀?

Kò dájú. Kaféènì ló wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí àti ohun mímu agbáralókun inú agolo, ó sì máa ń tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ìwádìí kan ní ọdún 2013 fi hàn pé mílígíráàmù 400 kaféènì, bí ènìyàn tilẹ̀ mu ún ní wákàtí mẹ́fà kó tó sùn, ń gé ju wákàtí kan lọ kúrò nínú oorun rẹ̀. Ẹni tó rún obì ní agogo mẹ́wàá kí ó lè ṣe TDB, ìyẹn ìwé kíkà títí ilẹ̀ á fi mọ́, tó wá yí èrò padà ní agogo kan pé òun fẹ́ sùn, kò yẹ kó bínú sí orin.

Ṣé mo lè fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dún dípò orin, kó máa wọ orí mi bí mo bá ti sùn?

Rárá. Ọpọlọ tó sùn kì í kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun tó díjú. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń to èyí tí ẹ kà lọ́sàn-án sí àyè rẹ̀, kó má bàa sọnù, oorun tó dán mọ́rán ló sì fi ń ṣe é. Ẹni tó fi ohùn olùkọ́ da oorun náà rú pàdánù méjèèjì.

Mo ti gbìyànjú fún alẹ́ méjì, kò ṣiṣẹ́. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí wọ́n ti ṣe ní Budapest. Ẹ má máa yí orin padà ní alaalẹ́, ẹ lo àtòjọ kan náà, ní àkókò kan náà. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn kan wà tí ìdákẹ́jẹ́ ń ṣe lóore ju orin lọ, pàápàá àwọn olórin fúnra wọn tí etí wọn kì í yéé ṣiṣẹ́.

Mi ò lè sùn mọ́ láìsí orin. Ṣé ó ti di bárakú?

Kì í ṣe bárakú bíi ti oògùn, ara kò ní ṣàìsàn bí ẹ bá dá a dúró. Àṣà ni, alẹ́ tí bátìrì kú sì lè ṣòro díẹ̀. Bó bá ń dà yín láàmú, ẹ máa dín ìṣẹ́jú rẹ̀ kù: 45, lẹ́yìn náà 30, lẹ́yìn náà 15. A kò rí ìdí tí ẹni tí kò ní wàhálà fi gbọ́dọ̀ dá a dúró.

Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ náà ju orin lọ?

Bí oorun bá ń ṣòro fún alẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀, tó sì ti pé oṣù mẹ́ta, àìsàn ni, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má dúró kó pé bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń hanrun tí èémí yín sì ń dá dúró lójú oorun, bí ìbànújẹ́ bá ń bá yín jí lójoojúmọ́, tàbí bí ẹ bá ń ronú láti pa ara yín lára; èyí tó kẹ́yìn yìí kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ilé ìlera àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tí Wesley Guild ní Iléṣà jẹ́ ara rẹ̀.

Ìtọ́jú tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún ẹni tó ní àìróorunsùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni èyí tó ń tún èrò àti ìṣe rẹ̀ nípa oorun ṣe, oògùn kọ́. Ẹ má ra oògùn oorun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìsí ìwé dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi tramadol wá oorun.

Mo mọ̀ lára pé orin ń ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n aago ọwọ́ mi ní oorun mi kò yí padà. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Àwọn olùwádìí náà bá ìṣòro yìí. Ẹ̀rí tó lágbára nípa orin wá láti inú ohun tí àwọn ènìyàn sọ nípa oorun wọn. Èyí tí ẹ̀rọ fi wọ̀n kéré gan-an. Kò sì sí bí a ṣe lè fi orin pamọ́ fún ẹni tó ń gbọ́ ọ, bí a ṣe ń fi hóró oògùn òfìfo dán ènìyàn wò, nítorí náà ìgbàgbọ́ náà ń dá tirẹ̀ kún un.

Ṣùgbọ́n aago ọwọ́ náà kì í rí oorun. Ìmira ara àti bí ọkàn ṣe ń lù ló fi ń méfò, ó sì lè ka ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tí ojú rẹ̀ là sí ẹni tó sùn. Ẹ̀rọ tó ń wọn oorun ní tòótọ́ ni èyí tí wọ́n ń so wáyà rẹ̀ mọ́ orí ènìyàn ní ilé ìwòsàn. Bí oorun kò bá kùn yín mọ́ nínú kíláàsì agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, tí ẹ sì rántí ohun tí olùkọ́ sọ, ẹ fi aago náà wo aago.